Ère tí Wọ́n Gbé Ka Orí Kànga Wa

Nígbà tí mo kéré débi pé orí mi kò tíì ga ju etí kànga lọ, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í jẹ́ kí n sún mọ́ kànga àdúgbò wa ní Ìkirè níbí. Wọn á ní kí n jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, kí n máa ṣọ́ korobá. Èmi á jókòó, mà á máa wo àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń fa omi, okùn á máa dún lára igi tó dábùú ẹnu kànga, ọ̀rọ̀ á máa lọ, ẹ̀rín á máa lọ. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń fi eyín já ọ̀rá omi mu, ẹ ò lè mọ ohun tí mò ń sọ. Omi yẹn máa ń tutù láàárọ̀ débi pé èèyàn á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná, kó tó bù ú sójú.

Kànga náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Àwọn baba wa ló fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ẹ, ìjọba kankan kò bá wọn dá sí i. Ó sì ní òfin tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju korobá ilé rẹ̀ sínú rẹ̀. Ìfami kan ṣoṣo tí a gé lára rọ́bà táyà ni gbogbo wa ń lò, ara ògiri mọ́ṣáláṣí la sì ń fi í kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá ló ń kọ́kọ́ fa omi, ẹni tó fẹ́ fọṣọ á ní sùúrù. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti ń wọlé bọ̀, àwọn ọkùnrin á wá gbọ́n kànga. Ọ̀kan nínú wọn á fi okùn sọ̀kalẹ̀, á máa kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ sínú gárawá, àwọn tó kù á máa fà á jáde. Tí omi bá wá mọ́ padà, ìyá tó dàgbà jù ládùúgbò la máa ń gbé ìfami àkọ́kọ́ lọ fún. Kì í ṣe pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Bí wọ́n bá ti tọ́ ọ wò, tí wọ́n sì ṣàdúrà sí i, kànga ti ṣí nìyẹn, kálukú lè máa pọn.

Lóde òní, ẹ̀gbọ́n mi yìí ni ìyá tó dàgbà jù ládùúgbò. Ọkọ wọn ti kú, wọ́n ti padà sílé baba wa, orúnkún ń dùn wọ́n, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ wọn ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa bọ̀ l'Ékòó. Èsì kan náà ni wọ́n máa ń fún wọn: "L'Ékòó yín yẹn, ṣé mo lè yọjú lẹ́nu ọ̀nà kí n rí kànga, kí n rí mọ́ṣáláṣí?" Òótọ́ ni. Kànga yẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè dá gbé. Wọn á rọra tẹ̀ dé ibẹ̀, ẹni tó bá wà nídìí rẹ̀ á fa omi fún wọn, wọn á ṣe àlùwàlá, wọn á wọ mọ́ṣáláṣí. Tí a bá mú kànga kúrò níbẹ̀, a ti mú ẹ̀gbọ́n mi náà kúrò nílé nìyẹn.

Ọmọ wa kan wá di olóṣèlú ńlá. Ẹ má bi mí ní orúkọ rẹ̀, ẹ má sì bi mí ní ipò tó wà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò pàdánù nǹkan kan. Ó ránṣẹ́ sí wa pé ìjọba fẹ́ ṣe iṣẹ́ omi sídìí kànga wa. Ẹ̀rọ ni a rò pé wọ́n fẹ́ rì sínú rẹ̀, kí omi máa gba inú páìpù wá sẹ́nu ọ̀nà. Inú wa dùn dójú ikùn. Ìgbà gbígbọ́n kànga kò tíì tó, síbẹ̀ a pe ara wa jọ, a gbọ́n ọn, a fọ etí rẹ̀ mọ́ féfé, kí ẹ̀rọ ìjọba má baà bá ẹrẹ̀ níbẹ̀. Àwọn obìnrin se ìrẹsì de àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tọ́ ìfami àkọ́kọ́ wò, wọ́n sì ṣàdúrà fún olóṣèlú yẹn ju bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọmọ inú wọn lọ.

Ọjọ́ kejì, típà dé. Ìdí ló kọ sí kànga, ó sì da iyẹ̀pẹ̀ sínú omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́n mọ́. Mo wà níbẹ̀. Ojú mi báyìí ló rí i. Mo sáré lọ bá kọngilá, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kì í ṣe pé ẹ ṣìnà?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa nìyí. Wọ́n ní kànga kò bójú mu láàárín ìlú mọ́. Fáúntéènì la fẹ́ ṣe."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Omi tó máa ń tú sókè ni, bàbá."

"Ta ni yóò máa mu ún?"

"Wọn kì í mu ún, sà. Wọ́n kàn máa ń wò ó ni."

Ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ lórí kànga náà nìyẹn tí ẹ ń rí yẹn. Wọ́n ní obìnrin tó ru ìkòkò omi ni. Ẹ wò ó dáadáa. Èjìká rẹ̀ fẹ̀ bíi ti alábàárù, ojú rẹ̀ kan ń wo Àpòmù, èkejì ń wo Gbọ̀ngán. Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ wúrà láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n wá fi àwọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú wọn kun ìró tó ró. Fọ́tò olóṣèlú wa, tó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín, wà nídìí rẹ̀, fọ́tò náà sì tóbi ju ère lọ. Wọ́n ní wọ́n fi ń yẹ́ àwọn ìyá wa àtijọ́ tó ń pọnmi sí ni. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, táńkà ló gbé omi wá láàárọ̀ kùtù. Àwọn obìnrin àdúgbò kò mọ̀. Iṣẹ́ omi ni wọ́n gbọ́, kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n gbé wá. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, omi ń tú jáde nínú ìkòkò, olóṣèlú wa ń sọ fún wa pé ìlú wa ti dà bí ìlú òyìnbó. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Bí àwọn obìnrin ṣe sún mọ́ omi pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì ni àwọn ọlọ́pàá ní kí wọ́n padà sẹ́yìn, pé fídíò ṣì ń lọ. Olóṣèlú wa wá di ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ mú níwájú kámẹ́rà. "Ìyá wa, ẹ̀yin la gbẹ́ síbẹ̀ yẹn o."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ère náà títí. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ó ti rí omi pọn. Èmi ńkọ́?"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó wọ mọ́tò rẹ̀. Omi táńkà tán kó tó di ìrọ̀lẹ́. Láti ìgbà náà, aláǹgbá ló ń gbé inú ìkòkò yẹn.

Kì í ṣe pé a dákẹ́. A lọ bá a nílé, ó ní a kò mọyì ẹwà. A ní kí ìjọba jẹ́ kí a gbẹ́ kànga wa padà, wọ́n ní dúkìá ìjọba ni, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án yóò rí ẹ̀wọ̀n. Ìbò mìíràn ti kọjá, ẹlòmíràn ti wọlé, ó wá wò ó, ó ní òun yóò tún un kùn. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i. Omi tó sún mọ́ wa jù wà lọ́hùn-ún lójú ọ̀nà Àpòmù, orúnkún ẹ̀gbọ́n mi kò sì lè gbé wọn débẹ̀. Èyí tí àwọn ọlọ́mọlanke ń gbé wá, mímu àti sísè ló ń bá lọ.

Lọ́jọ́ kan, ní àsìkò ìrun àsárì, mo bá ẹ̀gbọ́n mi nídìí ère yẹn. Wọ́n tẹ̀ba, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lu iyẹ̀pẹ̀, wọ́n fi pa ojú, wọ́n fi pa ọwọ́. Táyámọ́mù ni, àlùwàlá oníyẹ̀pẹ̀ tí ẹ̀sìn yọ̀ǹda fún ẹni tí kò rí omi.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, iyẹ̀pẹ̀ ṣebí ó wà níwájú ilé. Kí lẹ wá rìn débí fún?"

Wọ́n ní, "Àbúrò mi, tibí ló sún mọ́ omi jù."

Àwọn ọmọ wọn ń bọ̀ wá kó wọn lọ s'Ékòó tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, lọ́tẹ̀ yìí wọn kò sì jiyàn. Nígbà èwe mi, ẹ̀gbọ́n mi ló ń lé mi kúrò létí kànga kí n má baà kó sí i. Lọ́jọ́ náà, èmi ni mo di ọwọ́ wọn mú kí wọ́n lè dìde, àwa méjèèjì jọ dúró sórí rẹ̀, kò sì sí ewu pé ẹnikẹ́ni nínú wa yóò kó sí omi.