Omi Olóòórùn Tí Mo Fi Ń Ṣan Aṣọ Ọmọ Mi

Lọ́dún tí a kọ́kọ́ ní fóònù alágbèéká nílé wa ní Ìkòsí, mo wọ súẹ́tà iléèwé fún Ràfíátù, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́rin, láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bí mo ṣe wọ̀ ọ́ tán ni ó gbé ọwọ́ láyà.

"Mummy, àyà mi ń súfèé."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbé etí lé e láyà, ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Bó bá mí síta, á dún fíì, awọ ìhà rẹ̀ á sì máa wọnú láàárín egungun.

Nílé ìwòsàn tí mo gbé e lọ, dókítà ní ikọ́ fée ni, èyí tí àwọn kan ń pè ní asimá. Ó ní bí ohun tí ara ọmọ kò fẹ́ bá gba imú wọlé, àwọn ọ̀nà tóóró tí afẹ́fẹ́ ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró á wú, wọ́n á sì fún pọ̀. Wọ́n fi ìbòmú bò ó, ẹ̀rọ ń tú oògùn sí i bí ìkùukùu. Ara rẹ̀ wálẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, a tún padà lọ.

Ata ni mo ń tà ní Mile 12, tàtàṣé àti rodo. Ìyá ọkọ mi, tó ń gbé ní Ogudu, kò tilẹ̀ jókòó kí wọ́n tó dájọ́.

"Ìyàwó, ata tó ò ń gbé wálé lára ni. Aṣọ ẹ lo máa fi pa ọmọ yìí!"

Mo gbà, torí èmi náà ti rò ó. Ó ti pẹ́ tí òórùn ọjà ti ń tì mí lójú. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí pé ìró mi tó se ọbẹ̀. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ń da omi olóòórùn tó ń mú aṣọ rọ̀ sínú omi ìṣanṣọ. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Màmá, mo sọ ìdérí kan di mẹ́ta. Aṣọ mi, aṣọ ọmọ, aṣọ ìbora, àpò ìrọ̀rí. Bó ṣe ń wúkọ́ sí i ni mo ń fọṣọ sí i.

Mo fi ọjà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo jókòó sílé, mo ń ta sánsán, àyà ọmọ ń súfèé.

Ọjọ́ tó burú jù, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn láti àárọ̀ dọ̀sán. Ọwọ́ mi wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò lè wọ inú àyà rẹ̀ lọ tún nǹkan kan ṣe. Mo sunkún níṣojú gbogbo ayé. Mo rò pé òtútù ń mú un, mo fi aṣọ ìbora tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ wé e. Ó ń tì í kúrò, mo ń fà á padà.

Nọ́ọ̀sì kan bẹ̀rẹ̀ mọ́ wa, ó sín.

"Mummy, softener wo lẹ lò báyìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká aṣọ yìí kúrò lára ẹ̀."

Dókítà kò búra pé omi olóòórùn náà nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ó ní kí n pa á tì, àti ọṣẹ olóòórùn, kí a wò ó. Mo fi omi lásán tún gbogbo aṣọ ilé ṣan, mo sá wọn sóòrùn. Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òórùn náà kò lọ tán. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.

Torí pé ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo Ọlọ́ya ló ń ṣe, ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ikọ́ fée kò lọ pátá. Èéfín àti ọyẹ́ ṣì ń ta á jí, oògùn tó ń fà símú kì í jìnnà sí wa. Ohun tó dùn mí jù ni pé ara ọmọ mi ti mọ̀, ó ń ti aṣọ náà dànù, èmi ìyá rẹ̀ ni mi ò gbọ́.

Mo ti padà sídìí ata. Bí mo bá dé nírọ̀lẹ́, Ràfíátù á sáré wá ki imú bọ ìró ọjà mi.

"Mummy, ẹ ń rùn bí ọbẹ̀."

Á mí sínú, á mí síta. Mo máa ń tẹ́tí sí i. Kì í dún. Alihamudulilahi.