Àlọ́ Tó Fẹ́ Di Ẹ̀rí

Bí ènìyàn bá pa àlọ́, tí àwọn tó gbọ́ ọ wá torí rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣé ọpẹ́ náà dé ọ̀run? Mo ti gbàdúrà lé e lórí. Mi ò tíì rí ìdáhùn.

Ìyá Èyítáyọ̀ kì í ṣe òpùrọ́. Múbí ni ogun ti lé e, ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé òun àtọmọ rẹ̀ wọ Kamẹrúùnù, ibẹ̀ ni wọ́n ti kó wọn wá sí Houston. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa, a ní kí àwọn tí ogun lé wá sọ ìtàn fún ara wọn, kí wọ́n lè mọra. Ìyá pa àlọ́ tí ìyá tirẹ̀ máa ń pa: obìnrin kan pọnmọ, ọ̀tá ń lé e bọ̀, ó kọrin sí odò:

"Odò, là fún mi o,
Ọmọ ń bẹ lẹ́yìn mi."

Odò sì là.

Akínṣọlá, ògbufọ̀ wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láti Deer Park ni. Kò bá "Àlọ́ o". Orin ló bá. Ó gbọ́ "fún mi", ó ṣe bí Ìyá fúnra rẹ̀ ni. Bó ṣe túmọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹkún sọ. Obìnrin ará Kóńgò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí ti Ìyá ní apartment, tí kì í jẹ́ ìkíni rẹ̀ tẹ́lẹ̀, dì mọ́ ọn. Ó ní òun náà sá dé etí odò. Òun sọdá, ọmọ òun ò sọdá. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé ewé ẹ̀gẹ́ sísè wá fún Ìyá.

Èmi tí mo gbàgbọ́ pé Olúwa la òkun fún Mósè, n kò rí nǹkan sọ fún ìyá tí odò tirẹ̀ ò là.

Pásítọ̀ wá ní kí Ìyá jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi nípa odò tó là fún un.

"Akínṣọlá, odò wo ló là fún mi?"

"Ẹ má bínú, Màámi. Mo ṣe bí ẹ̀yin ni Mósè obìnrin ni. Ẹ jẹ́ ó máa lọ bẹ́ẹ̀. Àlọ́ kì í ṣe irọ́."

"Tó bá wá di ẹ̀rí ńkọ́?"

Ìyá ń wo abọ́ ewé ẹ̀gẹ́ ará Kóńgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá sọ òótọ́, obìnrin yẹn lè ní wọ́n fi ikú ọmọ òun ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá dákẹ́, Ọlọ́run ń gbọ́.

Ó yíjú sí mi níbi tí mo ti ń to àga.

"Arábìnrin, ẹ jọ̀ọ́, iwájú ni kí ẹ jókòó sí lọ́jọ́ Ìsinmi. Tí wọ́n bá ti gbé máìkì fún mi, 'Àlọ́ o' ni n ó kọ́kọ́ ké, Akínṣọlá á sì túmọ̀ ìyẹn náà. Kẹ́nikẹ́ni tó ṣe halelúyà, ẹ bá mi dá a lóhùn: 'Ààlọ̀!'"