Ẹsẹ̀ Ìyá Mi àti Nọ́ọ̀sì Tó Wá Béèrè

Ìyá mi kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́nú. Bí ìwàásù bá gùn jù, á sọ fún pásítọ̀ lójúkojú. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́ nígbà tó ní egbò ẹsẹ̀ òun ti ń jinná, pé òun ò ní lọ wẹ̀ ẹ́ nílé ìwòsàn mọ́. Àtọ̀gbẹ ló fa egbò náà. Dókítà sì ti kìlọ̀ pé tí a bá fi ṣeré, àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ yẹn.

Ìbàfò là ń gbé, ilé ìwòsàn wà ní Mówe. Ọ̀nà ò jìn rárá.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìwòsàn náà wá kanlẹ̀kùn wa. Inú ti ń bí mi kó tó sọ̀rọ̀, torí mo rò pé ó wá jágbe mọ́ wa nílé ni. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi.

“Mọ́mì, a ò wá bá yín jà. Ẹ jọ̀ọ́, kí la ṣe tí ẹ ò fi wá mọ́?”

Ó ní ọ̀gá wọn tuntun ló fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀: ẹni tí kò bá wá mọ́, kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó bá sọ, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì padà lọ béèrè bóyá àtúnṣe náà tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìyá mi dá a lóhùn. Ó ní ojú àwọn tó ń dúró de dókítà ni wọ́n ti ń tú egbò òun. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀, àwọn èèyàn fọwọ́ bo imú. Ẹnì kan tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wà láàárín wọn.

“Ojú tì mí, ọmọ mi.”

Inú ilé kan náà lèmi àti ìyá mi jọ ń gbé, n kò gbọ́ ọ rí.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì yẹn padà sẹ́nu iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àga tí wọ́n ti ń wẹ egbò, ó sì rí i pé kò sí ohun tó pamọ́ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n gbé àga náà lọ sí yàrá kékeré kan lẹ́yìn, tó ní ilẹ̀kùn. Ìyá mi padà lọ. Egbò ti jinlẹ̀, ọkàn wa ò balẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kó tó di pé ẹran tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í hù.

Nọ́ọ̀sì padà wá béèrè, bó ṣe ṣèlérí.

“Ó tẹ́ mi lọ́rùn,” ni ìyá mi wí. “Ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì yín le. Ó ń dun àgbàlagbà ní ìdí.”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní kí ìyá mi fúnra rẹ̀ wá sọ fún ọ̀gá.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá mi wé gèlè. Mo pe kẹ̀kẹ́ Màrúwá fún un, ó ní òun á rìn dé oríta. Mo dúró lẹ́nu géètì, mò ń wò ó, mo ṣáà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni ìyá mi fi ń rìn lọ ṣàròyé.