Aláǹtakùn Inú Ìrọ̀rí Bàbá Mi

Mo rántí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé-ìwé ọ̀fẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n kó àwọn àbúrò mi lọ, tí wọ́n ní èmi ti dàgbà jù. Ọdún yẹn gan-an ni bàbá mi kú ní Ìnísà. Wọ́n sin ín tán, àbúrò rẹ̀ wọ yàrá láti kó ẹní àti ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sun, ni ọwọ́ rẹ̀ bá kan nǹkan líle nínú òwú. Ó tú u. Aláǹtakùn dúdú ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n fi òwú rán an sára aṣọ tó pọ́n bí ìyeyè. Irin pẹlẹbẹ kan tẹ̀lé e, ó ní abẹ́rẹ́ lẹ́yìn, àjákù aṣọ aláwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wé e. Àbúrò bàbá mi jù ú sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ wá wo ohun tí obìnrin yìí fi sábẹ́ orí ẹ̀gbọ́n mi!"

Wọ́n gbé e sórí àpáàdì lẹ́yìnkùlé, wọ́n da epo lé e. Wọ́n ní bí oòrùn bá ń wọ̀, ìyá mi yóò po erùpẹ̀ sàréè mọ́ omi, yóò mu ún, yóò sì búra pé òun kọ́ ló pa ọkọ òun. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Lọ́jọ́ náà, wọn ò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ kankan. Ẹ̀rù bà mí dénú egungun, nítorí mo mọ obìnrin kan ládùúgbò wa tó mu irú omi bẹ́ẹ̀ rí. Inú rẹ̀ wú, kò sì rí òpin oṣù yẹn. Ìyá mi sì ń tọ́mọ lọ́wọ́.

Opó kì í jáde, ojú fèrèsé ló ti pè mí. "Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe l'Òkukù, òun àti bàbá rẹ jọ lọ sógun òyìnbó ní Bọ́mà ni. Ohun tí ọkọ mi fi pamọ́ fún mi, kò lè pamọ́ fún un. Gbé e lọ bá a."

"Kí n gbé kí ni, Ìyá mi?"

"Àbí kí n mu omi náà?"

Mo yọ́ gbé e kúrò lórí àpáàdì. Ewé kókò ni mo fi dì í, mo dì í, mo tún un dì. Títí mo fi dé Òkukù ni mo ń bẹ aláǹtakùn náà: "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má jí. Wọ́n rán mi níṣẹ́ ni." Kò sí àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọkùnrin náà ń lẹ táyà lọ́wọ́. Ó tú ewé, ó dìde fùú, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀bá ojú, ó dúró gbagidi. Mo ní aláǹtakùn náà ti mú òun náà. Mo bú sẹ́kún.

"Dákẹ́, ọmọ yìí. Ta ló da epo sí wa lára?"

Nígbà tí mo rò fún un tán, ó gbé ìrọ̀rí tirẹ̀ jáde, ó fi ọ̀bẹ là á. Aláǹtakùn kan náà, irin kan náà. Ó ní apá aṣọ sójà ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn ń rán aláǹtakùn mọ́ ní Bọ́mà. Irin yẹn àti aṣọ aláwọ̀ mẹ́ta rẹ̀, àyà ni wọ́n ń fi wọ́n sí, òun ni ìjọba fi dá àwọn tó ja ogun ibẹ̀ mọ̀.

Kẹ̀kẹ́ ló fi gbé mi padà. Nígbà tí a dé, igbá omi náà ti wà lọ́wọ́ ìyá mi. Ọkùnrin náà ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó na aláǹtakùn méjèèjì sí àbúrò bàbá mi.

"Ṣé ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ náà ló wá fi èyí sábẹ́ orí tèmi l'Òkukù?"

"Kí ló wá ń ṣe nínú ìrọ̀rí?"

Ọkùnrin náà fi etí aṣọ rẹ̀ nu epo kúrò lára aláǹtakùn bàbá mi. "Àwọn tí kò bá wa bọ̀ ni. Ibo ni kí á kó wọn sí?"

Wọ́n da omi náà nù. Ẹnikẹ́ni kò bẹ ìyá mi.

Ìkìrun ni mo wá lọ́kọ sí, ibẹ̀ ni mo bí ìyá ìwọ tí ò ń kọ èyí. Títí dòní, bí mo bá rí aláǹtakùn lára ògiri, àyà mi a já, màá sì kí i. Nígbà tí àwọn ọmọ mi gbọ́n, mo tú àpótí mi kalẹ̀ níwájú wọn. Mo ní, "Ẹ mú ohun tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi mí. Bí bàbá yín bá dé, ẹ tú àpótí tirẹ̀ náà, kí ẹ bi í. Èmi ò ní mu omi kankan."