Èènì Tí Mo Bèèrè sí Ojú Irin

Òórùn ni mo fi ń mọ̀ pé bàbá mi ti dé. Kí ọkọ̀ rẹ̀ tó dákẹ́ níwájú ilé ni òórùn náà á ti gba ojú fèrèsé wọlé, á máa ta wá nímú bí ìtọ̀ àná lórí ẹní. Máàpù ni bàbá mi ń yà fún àwọn sọ́fíyọ̀ tó ń wọn ilẹ̀, ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́. Omi kẹ́míkà kan sì wà tí wọ́n fi ń tẹ máàpù jáde nígbà náà, kò sí ọṣẹ tó ká a. Ìyá mi, olùkọ́ tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, á ní kó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé kó tó wọ pálọ̀. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ Sátidé kan wà tí òórùn mìíràn bo ti kẹ́míkà mọ́lẹ̀ nílé wa. Òórùn páálí tuntun ni, àti ti ọ̀dà tuntun, àti ti Lọ́ńdọ̀nù, bí èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ṣe rò pé Lọ́ńdọ̀nù máa ń rùn.

Bùọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù, àbúrò bàbá mi, ló fi páálí náà rán ẹni tó ń bọ̀ nílé. Orí ọkọ̀ ojú irin kan ló wà nínú rẹ̀, aláwọ̀ ewé, tó ń fi bátìrì méjì rìn, pẹ̀lú ọkọ̀ èrò kékeré mẹ́ta tí a ó so mọ́ ọn lẹ́yìn. Ojú irin tí yóò gbà rìn ni kò sí níbẹ̀. Ẹrù ti pọ̀ jù fún ẹni tó gbé e wá. Mo ti nawọ́ kí n gbà á, torí èmi nìkan ni ọmọdé tó wà nílé. Bàbá mi gbé e kúrò níwájú mi, ó ní, "Ti Màmá Oǹdó lèyí. Ìwọ máa wò ó."

Màmá Oǹdó ni ìyá tó bí bàbá mi. Ìlú Oǹdó ló ń gbé, èébì tó máa ń gbé e nínú mọ́tò kò sì jẹ́ kó rìnrìn àjò kọjá Àkúrẹ́ rí. Ojú irin kò sí ní gbogbo agbègbè wa, nítorí náà Màmá kò fojú kan ọkọ̀ ojú irin rí láyé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ọ̀fà ni ọkọ rẹ̀, bàbá àgbà tí n kò bá láyé, ti ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọdún Kérésì mẹ́ta ni bàbá àgbà kò wálé. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àlàyé kan náà ló kọ sínú lẹ́tà: ọkọ̀ jábọ́ lójú irin, wọn kò sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kankan kúrò níbẹ̀. Màmá gba lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò gba ọ̀rọ̀ inú wọn. "Irin tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, kí ni yóò jábọ́ níbẹ̀? Obìnrin ló jábọ́ lé e lórí." Nígbà tí bàbá àgbà kú, ó sin ín bó ṣe yẹ, ó sì ti àwòrán rẹ̀ tòun ti férémù sábẹ́ ibùsùn, láàárín àwọn bàtà tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ mọ́. Bí bàbá mi bá ní ká gbé e kọ́ sí pálọ̀, á ní ògiri òun kò gba irọ́ mọ́ra.

Ohun tí bàbá mi ń wá kò ju ìyẹn lọ: kí àwòrán bàbá rẹ̀ kúrò láàárín bàtà. Ó gbà pé bí ìyá rẹ̀ bá lè fojú ara rẹ̀ rí irú iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ṣe, bó ti gún régé tó, inú rẹ̀ á rọ̀. Ó ní òun yóò kọ́ ojú irin náà, a ó sì gbé e lọ sí Oǹdó fún ọdún Kérésì.

Ojú wa rí nǹkan láàárín oṣù mẹ́ta tó kù kí Kérésì dé. Bàbá mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, ó ní nǹkan méjì ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀, ọ̀kan kì í sì í ṣe èkejì. Síkéèlì ni iye ìgbà tí a fi dín nǹkan ńlá kù kó tó di kékeré: bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta bá di ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo, síkéèlì rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Géèjì ní tirẹ̀ ni àlàfo tó wà láàárín irin méjì tí ọkọ̀ ń gùn. "Tí síkéèlì bá ṣì, ojú lásán ló máa rí i," ló wí. "Tí géèjì bá ṣì, ọkọ̀ ò níí dé ibi tó ń lọ."

Ó wọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, géèjì rẹ̀ jẹ́ mìlímítà mẹ́rìndínlógún àtààbọ̀. Ara páálí ni wọ́n kọ síkéèlì sí: ọ̀kan nínú mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Bàbá mi fi ìkan sọ èkejì di púpọ̀, ó sì fò dìde. "Irọ́ ni! Kò tó fífẹ̀ ojú irin àwọn Òyìnbó fúnra wọn. Wọ́n dín in!" Inú bí i bí ẹni tí wọ́n fi kọ́ńgò èké wọn gàrí fún. Ìgbà tó wá tún ìṣirò náà ṣe fún ojú irin tiwa níhìn-ín, tí kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀ lọ, ló tó rẹ́rìn-ín, torí ó bọ́ sí mẹ́rìnlélọ́gọ́ta àti ìdá díẹ̀. Ìdá díẹ̀ yẹn dùn ún fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó wọ ilé wa tí kò kọ́kọ́ jíhìn fún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Mo gbé ọmọláńgidi mi wá kó lè jẹ́ èrò inú ọkọ̀. Ìnṣì mẹ́sàn-án ni ọmọláńgidi náà ga. Bàbá mi wọ̀n ọ́n, ó ní obìnrin yìí ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, kí n yáa mú un kúrò nílùú kó tó tẹ ènìyàn pa. Igi ìṣáná tí a gé sí ìnṣì kan la padà fi ṣe èrò, mo sì ń fi báírò yà wọ́n lójú. Ìyá mi gbé àwo àkàrà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ onípáálí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi ní kó gbé e, pé àkàrà kan ṣoṣo fẹ̀ tó mọ́tò, ó ti dí ìgboro. Ìyá mi gbé àkàrà rẹ̀. Ó ní, "Tí ebi bá dé, ẹ bu síkéèlì jẹ."

Ìyá mi yìí kan náà ló kọ́ mi ní ọgbọ́n tó kó wa sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Ó máa ń sọ pé ẹni tó ra nǹkan tí kò bèèrè èènì, ọmọ tí a kò kọ́ ni. Ra ìrẹsì, bèèrè èènì. Ra ata, bèèrè èènì. Ó ti wọ̀ mí lára débi pé mo ti bèèrè èènì rí lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń fún mi lábẹ́rẹ́.

Kò sí ẹni tó ń ta ojú irin ní Àkúrẹ́, nítorí náà bàbá mi gbé iṣẹ́ náà fún bàbá àgbàlagbà kan tó ń ṣe káfíńtà lọ́nà Ọ̀dà, nítòsí ilé ìwé mi. Pákó gígùn ni yóò là, yóò wá kan irin tí a yọ lára agbòòrùn àtijọ́ mọ́ ọn lójú méjì. Èmi ni bàbá mi fi géèjì rán. Ó kọ ọ́ sórí pépà, ó fa ìlà méjì sí i nídìí. Bàbá Káfíńtà gbé pépà náà jìnnà sójú, ó ní, "Èyí mà há o. Ṣé bí bàbá rẹ ṣe wí nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti pa ẹnu mi dé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lẹ́nìkan fẹ́ ṣe fún wa yìí, ẹnu mi sì ti la ara rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa fi èènì sí i."

Bàbá Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí. "Ọmọ tó mojú ọjà! Ọkàn rẹ balẹ̀, uṣẹ́ mi kì í há. Bá mi kí gbogbo ulé o."

Bí káfíńtà ti máa ń ṣe, òwúrọ̀ ọjọ́ Kérésì gan-an ló tó parí rẹ̀. Ó ti fi aṣọ àlòkù wé e, ó fi okùn dì í, ó ní ká má tú u títí a ó fi dé Oǹdó, gúlúù rẹ̀ kò tíì gbẹ. Bàbá mi, tí kì í gba ṣéńjì láìkà á, gbé e sórí mọ́tò láìwọ̀n ọ́n, torí ó ti fẹ́ bọ́ sọ́nà. N kò tiẹ̀ rántí ọ̀rọ̀ èènì kankan. Mo gbé àwọn èrò onígi ìṣáná lé ẹsẹ̀, mo ń kọrin Kérésì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, pálọ̀ Màmá Oǹdó kún fún àwọn ará ilé. Màmá jókòó sórí àga rẹ̀, ó di ọwọ́ mọ́ra. Bàbá mi to ojú irin sílẹ̀, ó to èrò sínú ọkọ̀, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ṣí afárá. Ó ní irú iṣẹ́ tí bàbá wa ṣe rèé, iṣẹ́ tí kì í yẹ̀ ní ìwọ̀n irun orí kan. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ọkọ̀ náà rìn tó ìbú ọwọ́ méjì, ó mì lọ́tùn-ún, ó mì lósì, ó sì já sáàárín irin méjèèjì. Èrò dà sílẹ̀.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó tún un gbé. Ó tún jábọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló gbé e, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló jábọ́. Òógùn ń bọ́ lára rẹ̀ sórí ìlú tó fi oṣù mẹ́ta tẹ̀ dó. Nígbà kẹta ni mo rántí èènì mi, pé àárín irin méjì ni Bàbá Káfíńtà fi í sí. Mo ń ṣa àwọn èrò onígi ìṣáná nílẹ̀, n kò gbójú sókè. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú ilé náà, èyí ló tún burú jù.

"Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí?" Màmá ló fọhùn.

"Rárá o, Màmá, kì í..."

"Mo ní, ṣé bó ṣe máa ń jábọ́ nìyí?" Ojú Màmá ti kún fún omi. "Ọ̀sán gangan, nínú pálọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà! Kí ló wá máa ṣe nínú igbó, nínú ọyẹ́? Ó kọ lẹ́tà, ó kọ lẹ́tà, mo ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní òpùrọ́." Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ, wọ abẹ́ ibùsùn mi, lọ gbé bàbá rẹ wá."

Mo gbé àwòrán náà jáde, mo fẹ́ eruku ojú rẹ̀. Màmá fi etí ìró nù ún, kò jẹ́ ká wá òòlù, gìgísẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn bàtà abẹ́ ibùsùn ni bàbá mi fi kan ìṣó. Màmá ṣàdúrà fún ọkọ rẹ̀, gbogbo ilé sì ṣe àmín. Ẹ̀rù ló bà mí ní tèmi, torí èmi nìkan ló mọ ohun tó mú un jábọ́.

Ọjọ́ méjì ni n kò fi lè jẹun. Wọ́n fi ẹran sí i, n kò jẹ. Wọ́n ní kòkòrò inú ni, wọ́n fún mi ní oògùn rẹ̀ mu. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo bá bàbá mi lẹ́yìnkùlé, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó yọ rúlà rẹ̀ lápò, ó lọ wọn ojú irin náà, ó padà wá jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. "Mìlímítà méjì," ló ń wí. "Mìlímítà méjì péré!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Mo bi í bóyá ká gbé e padà fún Bàbá Káfíńtà kó tún un ṣe. Ó ní, "Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Má sì sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó yà mí lẹ́nu gidi pé ẹni tí ìdá díẹ̀ dùn fún ọ̀sẹ̀ kan lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ara rẹ̀ ni kò yá.

Sọ́fíyọ̀ ni mo dà nígbà tí mo dàgbà. Iṣẹ́ gbé mi dé Ọ̀fà lọ́dún kan, mo sì bá bàbá arúgbó kan tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè pàdé níbi tó ti ń gba atẹ́gùn. Mo bi í bóyá lóòótọ́ ni ọkọ̀ máa ń jábọ́ lójú irin nígbà Kérésì láyé ìgbà tiwọn.

"Nígbà Kérésì kẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló jábọ́ lójú mi, oṣù kẹfà sì ni." Ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo dárúkọ bàbá àgbà. Inú rẹ̀ dùn, ó pàtẹ́wọ́. "Háà! Ọkọ Ìyá Ẹlẹ́kọ! Kérésì mẹ́ta gbáko ló fi ẹ̀kọ gbígbóná ránṣẹ́ sí wa láti ilé obìnrin náà." Ó wo ojú mi, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí orúnkún ṣe ń dun òun.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Èmi ni òtítọ́ náà bá lọ́nà, mo sì gbé e sínú mọ́tò lọ sí Oǹdó. Màmá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún nígbà náà, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó ti gbọ́ pé Ọ̀fà ni mo ti ń bọ̀. "Ṣé o rí àwọn ará ibi uṣẹ́ rẹ̀? Kí ni wọ́n wí?"

Iṣẹ́ mi ni pé bí mo bá ní ibí ni ààlà ilẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni kóòtù máa gbà. Mo di ọwọ́ Màmá mú. Mo ní, "Wọ́n ní ó máa ń jábọ́ gan-an ni, Màmá. Pàápàá lóṣù Kejìlá."

"Mo mọ̀," ló wí, ó sì fara ti àga rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ò gbà á gbọ́ nígbà yẹn."

Bó ṣe sùn nìyẹn, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni mo ṣì fi ń bá bàbá mi jẹun ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, n kò sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹlẹ́kọ fún òun náà títí ó fi kú lọ́dún tó kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mìlímítà méjì kò jẹ́ kó lè jẹun fún ọjọ́ méjì, ká ní ó rí mi níbi tí mo ti ń bu ọbẹ̀ lé iyán níwájú bàbá rẹ̀, tí mo sì tún ń bèèrè ẹran sí i, kò ní mọ̀ pé òun náà ló dàgbà dà bẹ́ẹ̀.