Òrùka mi há sára ọ̀pá ayùn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ojú ń tì mí o! Ìgbéyàwó wa ò tíì pé oṣù kan, òrùka mi ti há sára irin.

Ọkọ mi ní ẹ̀rọ kan tó fi ń gé irin nílé wa ní Tokpota. Ó ti ra ayùn róbótó fún un, ṣùgbọ́n kò tíì rí ọ̀pá tí ayùn náà máa jókòó lé. Mo ní èmi ni màá rà á fún olówó orí mi!

Mo fi òrùka mi wọn ihò ayùn náà. Wọ́n dọ́gba! Eyín ayùn mú, mo bá fi í sílẹ̀, mo fi òrùka mi ṣe ìwọ̀n, mo sáré lọ sí ọjà Ouando.

Ọ̀gá tó ń ta irin mú ọ̀pá kan wá. Mo fi agbára ti òrùka bọ̀ ọ́. Kò jáde mọ́.

Ọ̀gá náà ní, "Tàǹtí, ọkọ mélòó lẹ wá ní báyìí?"

Gbogbo àwọn tó wá rajà ní bùtíìkì rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Mo gbé e délé. Ọkọ mi wò ó títí.

"Ọ̀pá tí mò ń wá gan-an nìyí, ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n àfi ká gé òrùka ẹ."

Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wá kí wa lọ́la. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ, ṣé kí n jẹ́ kó gé e, àbí kí n gbé ọ̀pá irin dání kí màmá?