Ọjọ́ Tí Ẹgbẹ́ Wá Kí Ọkọ Mi

Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má wá. Inú ìpàdé ni mo ti sọ ọ́, mo dìde dúró sọ ọ́. Mo ní ọkọ mi kò ṣàìsàn, ọjọ́ orí ló dé sí i, ẹ jẹ́ kó sinmi. Alága wa rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹgbẹ́ aláàánú kì í tọrọ àyè kó tó ṣàánú." Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ṣíọ̀! Mi ò dúró jẹ ìpápánu.

Obìnrin ni gbogbo wa nínú ẹgbẹ́ náà, ará Aràmọ̀kọ, láti ṣọ́ọ̀ṣì oríṣiríṣi. A máa ń gbá ọgbà ilé ìwòsàn, a máa ń fọ aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, a máa ń dáná fún ẹni tó bá bímọ tí ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni àbẹ̀wò aláìsàn, èmi gan-an ni mo sì jẹ́ olórí àbẹ̀wò fún ọdún mẹ́jọ. Ta ni kò mọ̀ ọ́n tó mi? A ó gbé mílíìkì àti ọsàn dání, a ó fi orin wọlé, ojú wa á sì máa ṣiṣẹ́. A ó wo orí bẹ́ẹ̀dì, a ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a ó fi imú gbọ́ bí yàrá ṣe ń rùn. Lẹ́yìn náà la ó gbàdúrà, àdúrà yẹn gan-an sì ni ìròyìn. "Olúwa, ìwọ tí o mọ̀ pé kò lè mú ìtọ̀ dúró mọ́!" A ó pariwo rẹ̀ débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì á bá wa ṣe àmín. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjà á ti gbọ́, kò sì sẹ́ni tó lè pè wá ní olófòófó, torí àdúrà ṣáà la gbà.

Èmi ni mo gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ lé obìnrin kan lórí ní Ìlogbò. Ó yíjú sí ògiri, kò sì wo ojú mi mọ́ títí ó fi kú. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Mo mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ sọ ọ́ fún mi.

Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọkọ mi. Ó kọ́ni ní Ìdó-Ilé, ó kọ́ni ní Ayétòrò, ó wá ṣe ọ̀gá níbí títí ó fi fẹ̀yìn tì. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ló gba abẹ́ ẹgba rẹ̀ kọjá, alága pàápàá. Ọmọ tó bá kọ "ulé" dípò "ilé" sínú ìwé, tó kọ "uṣu" dípò "iṣu", ó gbé! Á ní, "Èdè ìyá rẹ, gbé e padà fún ìyá rẹ. Yorùbá ìwé là ń kọ níbí." Wọ́n bẹ̀rù rẹ̀ títí tí wọ́n fi di ìyá olọ́mọ. Bó bá ń kọjá lọ, àgbàlagbà obìnrin á sáré tún ìró rẹ̀ ró.

Ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun tó ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan ó dìde lórí àga ní pálọ̀, ó ní òun ń lọ ulé. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń ṣeré ni. Ó tún un sọ. Mo ní, "Bàbá, ilé wa nìyí." Ó wò mí bí ẹni ń wo àlejò tí kò mọ̀ rí. Láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ló ń lọ ulé. Bó bá di àárọ̀, á pè mí ní ìyá rẹ̀. Bó bá di ọ̀sán, "ìwọ obìnrin yìí" ni mò ń jẹ́. Dókítà ní ọpọlọ ló ń kú díẹ̀díẹ̀, pé kò sí oògùn rẹ̀. Ẹ gbà mí o! Ohun tí mo ń fi pamọ́ nìyẹn: ọkọ mi kò mọ̀ mí mọ́. Ìlú ṣì ń bẹ̀rù rẹ̀, ẹ̀rù yẹn ló sì kù fún un láyé. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdúrà já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò lọ sí ìpàdé mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sórí wasáàpù ẹgbẹ́ pé ìgbéraga ló ń dà mí láàmú. Ẹnìkan tiẹ̀ ní bóyá mo ti bàbá náà mọ́lé tí mò ń febi pa á. Háà! Èmi! Èmi tí mò ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu!

Ní Fraídè kan, alága wá bá mi lẹ́nu géètì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀la là ń bọ̀. Ọ̀gá kì í ṣe tiyín nìkan."

Mo fi ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá ju obìnrin yìí lọ, ṣùgbọ́n nítorí ipò rẹ̀, "ẹ" ni mo máa ń fi pè é. Ó tán lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ìwọ! Bó o bá fi ẹsẹ̀ tẹ ọgbà yìí, omi abọ́ ni màá fi wẹ̀ ọ́!"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń bú mi?"

Mo ní, "Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n wá. Àwọn obìnrin tí ojú ò tì! Mo ti fi irin ti géètì láti ìdájí. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà tí mò ń bẹ iṣu nígbà tí mo gbọ́ orin wọn. Kí n tó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, kí n sáré dé iwájú ilé, ọkọ mi ti fa irin yọ, ó ti ṣí géètì fún wọn. Wọ́n tó ogún, gbogbo wọn wọ yunifọ́ọ̀mù, bùláòsì funfun àti ìró búlúù. Òun dúró níwájú wọn nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán. Ó ti ju ọdún kan lọ tí mo ti rí i bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ó ní, "Ẹ tò!"

Orin dúró. Wọ́n ń wo ara wọn.

"Mo ní kí ẹ tò! Kúkurú síwájú, gíga sẹ́yìn!"

Wọ́n tò. Lóòótọ́ ni mò ń sọ, wọ́n tò! Alága alára, tòun ti ìbàdí rẹ̀ ràbàtà, ó lọ sí iwájú nítorí pé ó kúrú. Ọkọ mi ní kí wọ́n nawọ́. Ó ń wo èékánná wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí ọwọ́ wọn padà. Ó sọ fún ọ̀kan pé kó lọ gé tiẹ̀, ìyẹn sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà." Bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín, ẹ̀rín sì fẹ́ pa mí níbi tí mo dúró sí. Àfi bí mo ṣe rí ọ̀kan nínú wọn tó gbé fóònù sókè, tó ń ya á. Mo fò mọ́ ọn. Mo ní, "Gbé e sílẹ̀, ọmọ burúkú, kí n tó fọ́ ọ mọ́ ọ lọ́wọ́!"

Ọkọ mi gbọ́ ohùn mi. Ó yíjú padà, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ, yunifọ́ọ̀mù rẹ dà?"

Mo wo ara mi, ìró ilé ni mo ró.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

Alága, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní nínà, ló rọra sọ ọ́. Ó ní, "Sà, ìyàwó yín ni."

Ó ní, "Má purọ́ fún mi. Mo mọ ìyàwó mi." Ó nàka sí géètì. "Jáde. Lọ pe ìyá rẹ wá."

Mo jáde. Kí ni ǹ bá ṣe? Ó ti sọ ọ́ fún gbogbo wọn, ó ti tán. Mo dúró sẹ́yìn ògiri ọgbà mi, ní ẹ̀gbẹ́ títì, mo gbọ́ tó ń pe orúkọ. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n fi lọ́kọ ló ń pè. Orúkọ tí bàbá wọn fi mú wọn wá sí ilé-ìwé ni, tòun ti orúkọ bàbá náà. Kò ṣi ẹyọ kan. "Prẹ́sẹ́ǹtì, sà," ni wọ́n ń dáhùn, ẹkún sì ti wà lóhùn àwọn mìíràn. Bí ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn ti ń dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni mo ń kórìíra rẹ̀. Mo dúró títí ó fi pè é tán, mo ń retí kó pe tèmi.